Wọ́n gún ọmọ mi lábẹ́rẹ́ ní iléèwé, ẹnikẹ́ni kò bi mí

Ìyá Àdùnní, Odógúnyàn · Ẹtì, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin òbí Ìkòròdú. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, kò jẹ́ kí n sùn láti àná.

Àdùnní mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Lánàá, ó ti iléèwé dé, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di apá òsì mú. Mo rò pé wọ́n lù ú ni. Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n gún wa lábẹ́rẹ́." Ó yọ káàdì kékeré kan jáde nínú báàgì: orúkọ rẹ̀, déètì, àti lẹ́tà mẹ́ta, HPV. Ẹ̀wà tí mo ń ṣà lọ́wọ́, n kò mọ ìgbà tí mo gbé e sílẹ̀.

Mo lọ bá tíṣà rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó ní àwọn ti fi ìwé rán an sí mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo padà délé, mo tú báàgì ọmọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìwé náà wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ti rún wómúwómú, èérún bisikíìtì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ìlà mẹ́rin péré ni, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo rẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn ní òbí tí kò bá fẹ́, kó kọ̀wé padà. Èmi tí n kò rí ìwé, kí ni n óò kọ padà?

Bàbá wọn gbaná jẹ. Ibi tó wá ń dùn mí ni pé ó ti gbé ìbínú náà dórí àbúrò rẹ̀. Ayọ̀mídé máa pé ọ̀sẹ̀ 14 ní Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Nígbà tó gba ti ọ̀sẹ̀ 10, ara rẹ̀ gbóná títí ilẹ̀ fi mọ́, itan rẹ̀ wú, ẹkún kò dá. Bàbá rẹ̀ ló gbé e rìn káàkiri yàrá títí di aago mẹ́rin ìdájí. Ní báyìí, ó ní ọmọ òun kò lọ síbì kankan mọ́. Aládùúgbò wa kan sì tún wá sọ fún wa pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún Àdùnní yẹn, ilé ọmọ ló máa ń dí.

Èmi ò lòdì sí àjẹsára o. Gbogbo tirẹ̀ ni Àdùnní gbà pé. Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí iléèwé yìí ṣe dára? Ṣé abẹ́rẹ́ yẹn léwu? Kí ni kí n ṣe ní Ìṣẹ́gun?

Baba Ṣèyí, Ìmọ́tà · Ẹtì, 10:05 alẹ́

Ọkọ yín ló mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ má gbé ọmọ yẹn lọ. Àbí ẹ ti gbàgbé Kánò? Ní 1996, Pfizer, ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ṣe oògùn, gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára wá, wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ dán an wò, igba ọmọ ló kú. Àwọn òbí wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń gún sí wọn lára. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, àkọ́bí nìkan ló gba abẹ́rẹ́. Àgbo ni mo fi tọ́ àwọn méjì yòókù, ara wọn sì dá ṣáṣá.

Ìyá Ìbejì, Sábó · Ẹtì, 10:31 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ní ti itan tó wú yẹn, ẹ ki aṣọ bọ omi gbígbóná, ẹ fi tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ wá fi róòbù pa á. Ohun tí ìyá mi kọ́ mi nìyẹn, òun ni mo ṣe fún Táyé àti Kẹ́yìndé. Ẹ gbé e lọ, ẹ má dá ọkọ yín lóhùn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìjẹ̀dé · Sátidé, 6:12 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ gbogbo ilé. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ẹnu àjẹsára ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún mi. Ẹ fi sùúrù kà á, ó gùn díẹ̀.

Ìyá Ìbejì, mo bẹ̀ yín, ẹ má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Omi gbígbóná ti bó awọ ọmọ lójú mi rí. Kò yẹ kí róòbù kan ara ọmọ jòjòló rárá. Aṣọ tó mọ́, tí ẹ rẹ sínú omi tútù, ni kí ẹ gbé lé ibi tó wú. Ẹ má fọwọ́ ra á. Ẹ kò sì gbọdọ̀ ní kí ó má dá ọkọ rẹ̀ lóhùn. Ọkùnrin tó gbé ọmọ rìn títí di aago mẹ́rin ìdájí, ó yẹ ká dá a lóhùn.

Baba Ṣèyí, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ Kánò, àmọ́ ẹ ti po ó mọ́ra. Kì í ṣe àjẹsára. Oògùn ni, Trovan lorúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ tí yírùnyírùn ti mú tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fún. Igba ọmọ ló wà nínú ìdánwò náà: 100 gba Trovan, 100 gba oògùn mìíràn tí dókítà ti ń lò tẹ́lẹ̀. Àwọn tó kú jẹ́ 11, márùn-ún lápá Trovan, mẹ́fà lápá kejì. Ohun tó di ẹjọ́ ni pé àwọn òbí ní wọn kò là á yé àwọn pé ìdánwò ni. Ní 2009, Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Kánò. Ẹ bínú sí i. Inú bí èmi náà. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí ẹ bínú sí.

Ìyá Àdùnní, ó kàn yín. Ní ọ̀sẹ̀ 14, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n máa gún un, wọ́n á sì kán nǹkan méjì sí i lẹ́nu. Penta ni èyí tó ń mú ara gbóná jù. Àrùn márùn-ún ló ń dènà: dífítéríà tí ń dí ọ̀fun ọmọ, ipá, ikọ́ tí ń mú ọmọ wúkọ́ títí tí kò fi ní lè mí, àrùn ẹ̀dọ̀, àti kòkòrò kan tí ń fa òtútù àyà àti yírùnyírùn. Odidi kòkòrò tí wọ́n ti pa ni wọ́n fi ṣe ti ikọ́ yẹn nínú Penta tí a ń lò níbí, ìdí nìyẹn tó fi ń mú ara gbóná ju ti àwọn ìlú òyìnbó lọ. Ara ọmọ ń kọ́ ogun jíjà ni. Ọjọ́ kan sí méjì, á lọ.

Ẹ ní parasítámọ́ọ̀lù nílé, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí èyí: ti inú ìgò kékeré tí wọ́n ń kán, mílíìgíráàmù 100 ló wà nínú mílíìlítà kan ṣoṣo. Síróòpù, 120 tàbí 125 ló wà nínú mílíìlítà márùn-ún. Ìyá tó bá fi ṣíbí síróòpù wọn ti kíkán, ó ti fún ọmọ ní oògùn tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wọn ọmọ, kó sì kọ iye tí ẹ máa lò sẹ́yìn káàdì. Bí ara gbígbóná bá kọjá ọjọ́ méjì, tí ọmọ bá sunkún ju wákàtí mẹ́ta lọ láìdákẹ́, tí gìrì bá gbé e, tàbí tí kò mu ọyàn mọ́, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ohun kan tún wà tí òbí kì í béèrè. Ẹ ní kí wọ́n fi ìgò abẹ́rẹ́ hàn yín. Wọ́n ya òbìrìkítí kan sára rẹ̀ tàbí sí ìdérí rẹ̀, nǹkan onígun mẹ́rin kékeré kan sì wà láàárín. Bí ti àárín bá ṣì mọ́ ju òbìrìkítí lọ, ó dára. Bí àwọ̀ méjèèjì bá ti bára mu, tàbí tí ti àárín ti dúdú jù, ooru ti bà á jẹ́, wọn kò gbọdọ̀ gún un sí ọmọ kankan.

Ní ti iléèwé, wọn kò ṣe dáadáa. Abẹ́rẹ́ náà dára, ọ̀nà tí wọ́n gbà ni kò dára. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀ fún yín.

Amòfin Ẹbutè · Sátidé, 8:50 àárọ̀

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ màmá nọ́ọ̀sì. Òfin Ìlera ti Nàìjíríà tọdún 2014, abala 23, sọ ọ́ kedere: ẹni tó ń tọ́jú yín gbọ́dọ̀ sọ àǹfààní ohun tó fẹ́ ṣe, ewu tó wà níbẹ̀, àti pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Abala yẹn kan náà ní kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tí ẹ gbọ́, kí wọ́n sì wo bí ẹ ṣe kàwé tó, níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ní Odógúnyàn, kí ni kò ní jẹ́ kí Yorùbá ṣeé ṣe? Ìlà mẹ́rin Gẹ̀ẹ́sì nínú báàgì ọmọ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá iléèwé, ẹ mú ẹ̀dà kan dání.

Kí bàbá wọn náà sì mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ ọwọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tọdún 2003, abala 13, ní kí òbí rí i pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì gba àjẹsára rẹ̀ pé. Ìtanràn wà fún ẹni tó bá kọ̀, kò ju ₦5,000 lọ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Baba Ṣèyí, Ìmọ́tà · Sátidé, 9:15 àárọ̀

Màmá, ẹ ṣeun fún àtúnṣe ti Kánò. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe sọ ọ́.

Amòfin, ẹ wá là á fún mi. Bí mo bá lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀, tí ìtanràn sì ń dúró dè mí bí mo bá kọ̀, irú ẹ̀tọ́ wo nìyẹn? Bí ẹ bá mú pàṣán dání tí ẹ ń bèèrè ìyọ̀ǹda, ìbẹ̀rù ni mo fi máa dá yín lóhùn.

Amòfin Ẹbutè · Sátidé, 9:44 àárọ̀

Ìbéèrè gidi nìyẹn, n kò ní fi ẹnu dídùn yí i ká. Òfin méjèèjì fara gbúnra wọn. Bí èmi ṣe kà á ni pé ara yín ni ẹ lẹ́tọ̀ọ́ pátápátá lé lórí. Ọmọ kì í ṣe dúkìá òbí, òun náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ láti má ṣe kú ikú tí a lè dènà, òfin sì ń gbẹnu sọ fún un nítorí pé kò tíì lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú yín pé òbí tí wọ́n bá là á yé kì í nílò pàṣán. N kò tíì rí ẹni tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ lórí ₦5,000 yẹn.

Àǹtí Bísí, Ògólóńtò · Sátidé, 11:20 àárọ̀

Ní ti ilé ọmọ tó ń dí: irọ́ àtijọ́ ni, orúkọ ló ń yí padà. Ohun kan náà ni wọ́n sọ nípa rọpárọsẹ̀ ní 2003, tí Kánò fi dá kíkán rẹ̀ dúró. Ìgbà tí wọ́n rí èyí tí wọ́n ṣe ní Indonéṣíà ni wọ́n tó gbà, ní 2004. Àrùn náà ti gba ọ̀dọ̀ wa wọ orílẹ̀-èdè mìíràn kí ọ̀rọ̀ tó rọlẹ̀. Ọdún 2020, ní 25 oṣù kẹjọ, ni wọ́n tó kéde pé rọpárọsẹ̀ àbáláyé ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà.

HPV ni kòkòrò tí ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Abẹ́rẹ́ yìí ló ń dáàbò bo ilé ọmọ náà. Ọsirélíà ti ń gún àwọn ọmọbìnrin wọn láti 2007, àwọn ọmọ ọjọ́ náà ti di ìyá ọlọ́mọ. Ní Scotland, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2024 wo àwọn tó gbà á ní ọmọ ọdún 12 sí 13, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí jẹjẹrẹ yẹn mú. Oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ tiwa, Èkó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á, ẹ̀ẹ̀kan péré, fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Ìdí tí wọ́n fi ń gún un ní kékeré ni kó lè wà lára ọmọ kó tó mọ ọkùnrin. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kú ikú yẹn. Mo rántí òórùn yàrá náà. Ẹ dárí jì mí, n kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tíṣà, Ìgbógbó · Sátidé, 2:03 ọ̀sán

Kì í ṣe iléèwé wa lọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lápá tiwa. Ọjọ́ mélòó kan péré ni wọ́n máa ń fún wa. Àwọn elétò ìlera á gbé kúlà dé láàárọ̀, iléèwé mẹ́ta mìíràn ń dúró dè wọ́n. A pín ìwé 86 kí òbí fọwọ́ sí i, 19 ló padà wá. Bí a bá gún àwọn 19 nìkan, wọ́n á ní a kò ṣiṣẹ́. Bí a bá gún gbogbo wọn, ẹ̀yin òbí á bínú.

Ìyá Àdùnní, Odógúnyàn · Sátidé, 2:20 ọ̀sán

Tíṣà, ẹ má bínú o. Lọ́jọ́ tí mo bá jẹ owó iléèwé, fóònù mi kì í sinmi. Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ wọn.

Tíṣà, Ìgbógbó · Sátidé, 2:41 ọ̀sán

Òótọ́ lẹ sọ, màmá. N kò ní èsì.

Baba Tèmítáyọ̀, Àgbówà · Sátidé, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Gbogbo ọmọ mi ló gba àjẹsára, àbíkẹ́yìn á sì gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tèmítáyọ̀ gba ti èéyi ní oṣù mẹ́sàn-án, ní ọjọ́ kẹjọ, ara rẹ̀ gbóná, gìrì sì gbé e. Ojú rẹ̀ yí sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ le bí pákó. Ìyá mi fẹ́ ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo gbá a dànù. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, àmọ́ mo ti sìnkú ọmọ náà lọ́kàn mi. Dókítà ní ibà ló fà á. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́fà báyìí, kò sí ohun tó ṣe é.

Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé mo padà lọ sọ fún wọn níbi tí wọ́n ti gún un. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ọjọ́ kẹjọ? Kì í ṣe abẹ́rẹ́." Kò kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń sọ òbí di ọ̀tá àjẹsára. Kì í ṣe gìrì náà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìjẹ̀dé · Sátidé, 7:02 alẹ́

Baba Tèmítáyọ̀, mo bá ẹni yẹn tọrọ àforíjì. Ẹ̀yin lẹ jàre. Àjẹsára èéyi kì í mú ara gbóná lọ́jọ́ kan náà bíi Penta, láàárín ọjọ́ keje sí ìkejìlá ló máa ń dé, gìrì sì lè bá a rìn nínú ọmọ díẹ̀. Ó ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n kì í sábà fi àpá sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan wà tó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí, NAFDAC sì ní ètò tí ẹ lè fi ròyìn rẹ̀ fúnra yín lórí fóònù, Med Safety ni wọ́n ń pè é.

Kíkọ sílẹ̀ yẹn kì í ṣe eré. Ní 1998, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àjẹsára kan tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu láti dènà ìgbẹ́ gbuuru, RotaShield. Àwọn dókítà ń kọ̀wé ránṣẹ́ pé ìfun àwọn ọmọ kan ń ká wọnú ara wọn. Nígbà tí yóò fi di 1999, wọ́n ti kó o kúrò nílẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni èyí tí a ń lò báyìí. Ẹnìkan ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí èyíinì tó ṣeé ṣe.

Ìyá Káyọ̀dé, Ìbẹ́ṣẹ̀ · Àìkú, 4:48 ìdájí

Ilẹ̀ kò tíì mọ́, mo kàn ń ka ọ̀rọ̀ yín.

Ọmọbìnrin kan ṣáájú Káyọ̀dé. Wọ́n ní kí n gbé e wá fún abẹ́rẹ́ èéyi ní oṣù mẹ́sàn-án, ẹja ń wọlé dáadáa nígbà náà, mo ní màá lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù márùn-ún. Nígbà tó yọ sí i lára, wọ́n ní kí n fi ẹmu pa á, mo fi pa á. Ojú rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, mo ń fi omi ọyàn mi là á. Inú ẹnu rẹ̀ funfun, kò lè fa ọyàn mọ́, ó kàn ń fi ẹnu kàn án ni. Ọjọ́ karùn-ún ni.

N kò fi èyí dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ kí bàbá Ayọ̀mídé mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gbà mí nímọ̀ràn kí n má lọ. Èmi ni n kò lọ.

Baba Ṣèyí, Ìmọ́tà · Àìkú, 7:10 àárọ̀

Màmá, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run á fi èyí tó kù dá yín lọ́lá.

Ìyá Àdùnní, Odógúnyàn · Ọjọ́rú, 1:15 òru

Ẹ kú ìdúró o. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sí etígbọ̀ọ́ bàbá wọn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Káyọ̀dé, ó ní kí n dúró ná. Ó jáde síta. Ó pẹ́ kó tó wọlé.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé Ayọ̀mídé lọ lánàá, èmi ń tẹ̀ lé e. Ó ní kí nọ́ọ̀sì fi ìgò hàn òun. Nọ́ọ̀sì náà wò ó, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó fi èékánná tọ́ka sí nǹkan onígun mẹ́rin yẹn: ó mọ́ kedere. Ó tún ní kó dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì dárúkọ wọn ní Yorùbá, ohun tí wọ́n ń dènà àti ohun tí wọ́n lè fà. Nígbà tó fi máa parí, àwọn ìyá mẹ́rin ti kúrò lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ti dúró yí wa ká.

Lẹ́tà ti dé ọwọ́ ọ̀gá iléèwé. Ó ní òun á pe àwọn òbí jọ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ní kí wọ́n fi Yorùbá kọ ìwé ìpè náà. Ní ti Àdùnní, mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé ohun tí wọ́n gún sí i. Ó ní, "Ṣé wọ́n lè bi èmi náà nígbà mìíràn?"

Ara Ayọ̀mídé lọ́ wọ́ọ́rọ́ báyìí, ó ti mu ọyàn lẹ́ẹ̀mejì láti aago mọ́kànlá. Nọ́ọ̀sì kọ iye oògùn sẹ́yìn káàdì, ti síróòpù. Bàbá rẹ̀ ń gbé e rìn nínú yàrá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìjẹ̀dé · Ọjọ́rú, 5:50 àárọ̀

Ó kú iṣẹ́. Ẹ sọ fún un pé bí ti oṣù mẹ́sàn-án bá dé, kó máa ṣọ́ ọmọ láti ọjọ́ keje. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ lára ògiri níbi tí ẹ̀yin méjèèjì á ti máa rí i.